Ìgbà Tí Ilẹ̀ Kọ̀ Tí Kò Ṣú

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ni àpótí náà dé. Lowrie Halcrow gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń pín lẹ́tà ní àríwá erékùṣù Yell, ó gbé e wọlé, ó sì gbé e ka orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ọbẹ̀ ẹran àgùntàn tó ṣẹ́kù láti àná. Osla, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, wà lórí àga onítáyà lójú fèrèsé. Ó wo àpótí náà títí.

"Ẹ̀gbọ́n, ó dé o," ni Lowrie wí.

"Mo rí i." Ahọ́n Osla ti ń wúwo nígbà náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń jáde ní fífà bíi ti ẹni tí oorun ń kùn. "Oṣù wo la wà, Lowrie?"

"Oṣù kẹfà ni."

"Ṣé ilẹ̀ máa ń ṣú lọ́dọ̀ wa loṣù kẹfà?"

Ọmọdé Yell pàápàá mọ̀ pé bí oṣù karùn-ún bá ti ń parí, oòrùn kàn máa ń yẹra díẹ̀ sẹ́yìn òkun ni, bí ẹni tó lọ bu omi mu, kó tó tún yọjú. Òkùnkùn tí ènìyàn lè fi wo ìràwọ̀ kò ní padà wá títí di àárín oṣù kẹjọ.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Osla fi kọ́ àwọn ọmọ erékùṣù náà ní ìṣirò. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Ohun tó ní ni awò ńlá kan tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀, tó fẹ̀ bí korobá omi, tó gbé sínú ahéré onípákó lẹ́yìn ilé, èyí tí òrùlé rẹ̀ ṣeé tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lowrie fi ọdún márùn-ún kéré sí i. Inú yàrá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ń gbé èrò sọdá omi ló ti lo ayé tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ kò sì jẹ ẹ́ lógún rí. A máa sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, "Ìràwọ̀ tiyín yìí, èwo nínú wọn ló ti gbé ènìyàn sọdá?" Osla á ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ gbogbo atukọ̀ tó ti kú.

Oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá ni dókítà sọ orúkọ àrùn náà fún wọn. Iṣan ara ló ń pa, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í fọwọ́ kan ọpọlọ. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ mú. Nígbà tí Osla kò lè bẹ̀rẹ̀ sídìí awò rẹ̀ mọ́, ó jókòó, ó rò ó, ó sì rí ọ̀nà kan.

Nínú awò náà, iwájú ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Á lọ ba dígí ńlá tó wà nísàlẹ̀, á ta padà sórí dígí kékeré kan tó wà láàárín gíláàsì iwájú, dígí kékeré náà á tún tì í sẹ́yìn, gba inú ihò kan, dé ojú ẹni tó ń wò. Ohun tí Osla fẹ́ ni kí wọ́n yọ dígí kékeré yẹn, kí wọ́n fi lẹ́ńsì àti kámẹ́rà sí àyè rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kò ní rin ìrìn àjò gígùn yẹn mọ́. Ojú ọ̀run tí awò náà á máa rí lẹ́ẹ̀kan náà á fẹ̀ ní ìlọ́po márùn-ún, ohun tó sì ń gba wákàtí kan kó tó hàn, ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ ló máa gbà. Wáyà á gbé àwòrán náà wá sójú kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Kò ní í bẹ̀rẹ̀, kò ní í nàró, á kàn la ojú rẹ̀ ni.

Ohun kan ló wà lọ́kàn rẹ̀ tó fẹ́ rí: ìkúùkuù kan tí àwọn awòràwọ̀ ń pè ní Ìbòjú, àjẹkù ìràwọ̀ kan tó fọ́ ká láti ayébáyé. Ó fẹ̀ tó òṣùpá mẹ́fà tí a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èéfín. Ọgbọ̀n ọdún ni Osla ti fi ń rí etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gba ihò kọ́kọ́rọ́ wo inú ààfin. Kò rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà rí.

Oṣù kejì ló ránṣẹ́ ra lẹ́ńsì náà, nígbà tí ìka rẹ̀ ṣì lè di nǹkan mú. Wọ́n fi ti awò kékeré ránṣẹ́ sí i. Ó dá a padà, ó kọ lẹ́tà, ó tún kọ òmíràn. Kí èyí tó bá a mu tó dé, apá rẹ̀ méjèèjì ti rọ, ó ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí apá aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe é náà," ni Lowrie wí lọ́jọ́ tí àpótí dé. "Ohun tó bá ti wà nílẹ̀, ó ti wà nílẹ̀."

"Ọwọ́ ẹ lọwọ́ mi báyìí," ni Osla dá a lóhùn. "Jọ̀ọ́, má fi ọwọ́ ẹ́ńjìnnì mú un."

"Gbogbo ẹ́ńjìnnì tí mo tú láyé yìí, kò sí èyí tó ṣakọ tó nǹkan yín yìí."

Lowrie ti àga Osla dé ẹnu ọ̀nà ahéré, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀ rẹ̀ nítorí atẹ́gùn, ó sì dojú awò náà kọ iwájú gbọọrọ kí ohunkóhun má bàa já bọ́ sórí dígí ńlá inú rẹ̀.

"Kọ́kọ́ sàmì sí i," ni Osla wí.

"Sí kí ni?"

"Sí ibi tí dígí kékeré yẹn kọjú sí. Tí o bá dá a padà sódì lọ́jọ́ kan, kò ní ríran dáadáa mọ́."

"Ta ló fẹ́ dá a padà, ẹ̀gbọ́n?"

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí Lowrie tó mọ ohun tó sọ. Osla wo òkun. Lowrie mú pẹ́ńsù funfun, ó fa ìlà kékeré kan sí etí irin tó wà lẹ́yìn dígí kékeré náà, ó sì fa òmíràn sí gíláàsì tó kọjú sí i.

Ó tú òrùka tó di dígí náà mú. Dígí náà bọ́ sí i lọ́wọ́, kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ, ó sì rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ojú àgbàlagbà tí ẹ̀rù ń bà. Ó fi aṣọ funfun dì í. Ó wá gbé lẹ́ńsì tuntun náà sójú ihò, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀, Osla ń ké pé, "Rọra! Má tì í, jẹ́ kó wọlé fúnra rẹ̀! Ìka ẹ kan gíláàsì yẹn, Lowrie, mo rí ọ!" Ó de kámẹ́rà mọ́ ọn, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ fa wáyà rẹ̀ kó má bàa dá ìmọ́lẹ̀ lẹ́kun. Òógùn bò ó nínú òtútù náà. Nígbà tó parí, kámẹ́rà náà yọ síta láàárín ojú awò bí imú.

Níwọ̀n bí kò ti sí ìràwọ̀ lójú ọ̀run, orí òkè òdìkejì omi ni wọ́n dojú awò náà kọ láti dán an wò. Lowrie sáré wọlé lọ wo kọ̀ǹpútà, ó tún sáré jáde lọ yí i díẹ̀, títí tó fi mọ́ kedere, ó sì ti Osla wọlé wá wò ó. Àgùntàn kan ni wọ́n rí, tó da orí kodò, tó ń jẹ koríko, gbogbo irun imú rẹ̀ ṣeé kà.

"Bí ìyàwó olùṣọ́-àgùntàn ìjọ wa àtijọ́ ló ṣe rí," ni Lowrie wí.

Osla rẹ́rìn-ín títí itọ́ fi ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀. Lowrie fi aṣọ ìnujú nù ún. Láti ìgbà òtútù, kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Iṣẹ́ náà yọrí, kò sí ohun tó kù sí wọn lọ́wọ́. Ojú ọ̀run ló kọ̀. Ní aago méjìlá òru, Lowrie ti òrùlé ahéré, ó dojú awò kọ ibi tí Osla júwe. Ohun tó wá sójú kọ̀ǹpútà funfun bí ẹni da wàrà sí i. Ó fi gíláàsì aláwọ̀ tó ń sẹ́ ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run sí i. Ó ya ọ̀ọ́dúnrún àwòrán kéékèèké, ó dì wọ́n papọ̀ gẹ́gẹ́ bí Osla ṣe kọ́ ọ. Ìràwọ̀ ńláńlá mẹ́rin márùn-ún yọjú, ìyókù funfun. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní òru kejì, ó ṣe é ní ìkẹta. Bí ẹni ń fi agbọ̀n pọn omi ni.

"Lọ sùn," ni Osla wí. "Ṣé oòrùn lo fẹ́ bá jà?"

Lowrie kò sùn. Ó ń wo máàpù. Ó rò ó pé bí àwọn bá wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí ilẹ̀ ńlá tó wà nísàlẹ̀, kí wọ́n sì fi mọ́tò gba gúúsù lọ fún ọjọ́ méjì, ilẹ̀ á máa ṣú lọ́hùn-ún díẹ̀. Ó sọ fún Inga, nọ́ọ̀sì tó ń wá wo Osla lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tí Osla ti kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ rí.

"Bọ̀ọ̀dá Lowrie," ni Inga wí ní ilé ìdáná, "ẹ̀rọ tó ń bá Tísà mí lóru ńkọ́? Bí ẹ̀rọ náà bá kú lójú òkun ńkọ́? Ìjókòó wákàtí kan ti pọ̀ jù fún wọn."

"Tí mo bá ṣe é díẹ̀díẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ má gbé wọn lọ ibì kan, ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣé wọ́n á tó àárín oṣù kẹjọ?"

Inga ń ká aṣọ ìnura kan. Ó ká a tán, ó tú u, ó tún ká a. "Ẹ má bi mí, Bọ̀ọ̀dá," ni ó wí.

Ní oṣù keje, ohùn Osla lọ pátápátá. Ìka kan ló kù tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó ń fi tẹ ọ̀rọ̀ sínú tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ náà á sì fi ohùn obìnrin àjèjì kan sọ ọ́ jáde. Ìgbà náà ni Lowrie ṣe ohun tó ń tì í lójú títí dòní. Ó wá àwòrán Ìbòjú tí ẹlòmíràn yà, ó rí ọ̀kan tó rẹwà. Ní òru kan tí ojú ọ̀run dúdú díẹ̀ nítorí kùrukùru, ó gbé e sójú kọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ ibùsùn.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ jí, ẹ wá wò ó! Òkùnkùn yọ díẹ̀, awò yín sì rí i!"

Osla la ojú. Ó wò ó, ó wò ó, ojú rẹ̀ ń rìn láti igun dé igun. Lowrie dúró lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìka náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

"Ìràwọ̀ inú rẹ̀ ní apá mẹ́rin," ni ohùn ẹ̀rọ náà wí.

"Ẹ̀n?"

"Awò tí irin mẹ́rin gbá dígí rẹ̀ mú ló ń yà á bẹ́ẹ̀. Tiwa kò ní irú irin bẹ́ẹ̀."

Ìka náà kò tíì dúró.

"Ta lo jí i lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Ọkùnrin kan ní Spéènì," ni Lowrie wí, kò lè gbé orí sókè. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe ni."

Osla tún wo àwòrán náà, ìka rẹ̀ sì rìn. "Ó rẹwà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tèmi. Má ṣe é mọ́."

Lowrie jáde, ó lọ dúró ní pápá ní aago kan òru tó mọ́lẹ̀ bí ìrọ̀lẹ́, ó sunkún bí ọmọ tí wọ́n nà. Àwọn ẹyẹ òkun ń pariwo lórí rẹ̀, wọn kò mọ̀ pé òru ni.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù náà ni wọ́n gbé Osla lọ sí ilé ìwòsàn ní Lerwick. Lowrie ń lọ, ó ń bọ̀, ọkọ̀ ojú omi kan, mọ́tò kan. Oṣù kẹjọ wọlé. Òkùnkùn bẹ̀rẹ̀ sí í padà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ogún ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n kùrukùru gba orí òkun wá, ó bo erékùṣù náà fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko. Alaalẹ́ ni Lowrie ń jáde wo òkè, ó ń wọlé padà.

Òru ọjọ́ kẹtàdínlógún, kùrukùru ká. Ó ti òrùlé ahéré. Ó tẹ̀lé ìwé tí Osla ti mú kó kọ sílẹ̀, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn, ó sì wọlé lọ jókòó ti kọ̀ǹpútà. Àwòrán àkọ́kọ́ wọlé, ó dàbí èérí. Ìkejì bọ́ sórí rẹ̀, ìkẹta, ìkẹwàá. Nígbà tó tó ìṣẹ́jú méjì àbọ̀, Ìbòjú ti dúró níwájú rẹ̀, láti etí dé etí. Lowrie rí i, kò sì mọ ohun tó máa fi ojú tó rí i ṣe.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ló wọ̀ ní àárọ̀, àwòrán náà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì lábẹ́ ẹ̀wù rẹ̀. Nígbà tó dé Lerwick, Osla kò la ojú mọ́. Ẹ̀rọ ló ń mí fún un. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀, ọmọbìnrin kan tí kò mọ̀ rí, gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn fún un.

"Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, sà," ni ọmọbìnrin náà wí. "Etí ló máa ń gbẹ̀yìn kú."

Lowrie di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. Kì í ṣe ẹni tó lọ́rọ̀ lẹ́nu rí.

"Ẹ̀gbọ́n, mo rí i. Tiyín ni, mo búra, awò yín ló yà á. Ó… ó dà bí àwọ̀n ẹja tó ya, tí atẹ́gùn gbé. Apá òsì rẹ̀ pupa. Rárá, kì í ṣe pupa. Ẹ rí bí epo ẹ́ńjìnnì ṣe máa ń tàn lójú omi ní èbúté? Bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rí bí ọ̀pọ̀ okùn, okùn náà sì ń lọ́ mọ́ra wọn. Apá ọ̀tún ni aláwọ̀ omi. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́."

Ó dúró kí Osla bá a tún un ṣe, bó ti máa ń tún gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe láti kékeré. Ẹ̀rọ náà mí sínú, ó mí síta. Lowrie tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bóyá ẹ̀ẹ̀kejì á dára jù. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ń sọ ọ́ títí wọ́n fi ní kó jáde kí wọ́n lè yí Osla padà lórí ibùsùn.

Ìdájí ọjọ́ kejì ni Osla kú. Nígbà tí wọ́n sin ín, àwọn tó ti kọ́ ní ìṣirò kún inú ọgbà ìsìnkú tó wà létí òkun, àwọn mìíràn nínú wọn ti ní ọmọ-ọmọ. Wọ́n gbọ́ ìtàn awò náà lẹ́nu Inga. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń wá di Lowrie lọ́wọ́ mú, wọ́n ń bi í bóyá Tísà rí i kó tó lọ.

Lowrie ní òun sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n òun. Òun kò mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́.