Orúkọ Tí Sàfúrátù Sọ Ọmọ Ilé

Bí ẹ bá fẹ́ mọ oríṣi ìbínú tó wà nílẹ̀ Òyìnbó láyé àtijọ́, ẹ lọ bá Daddy Oyèwùmí ní Ìkòsì. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn Òyìnbó fúnra wọn ti gbàgbé ló wà lẹ́nu wọn. Bí ènìyàn bá fajú ro díẹ̀ báyìí, wọ́n ti rí orúkọ fún un nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ wọn. Wọn kì í fi ìkà ṣe é o, wọ́n kàn fẹ́ kí ilé máa rẹ́rìn-ín ni. Ẹni tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín nìkan ló mọ bó ṣe ń rí lára.

Sàfúrátù, ìyàwó Dàmọ́lá ọmọ wọn, ló ń jẹ jù nínú rẹ̀. Ọlọ́run ò dá ẹ̀rín mọ́ ọn lójú. Bó bá ń jẹun, ojú rẹ̀ a le; bó bá ń gbàdúrà, ojú rẹ̀ a le; kódà lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ẹni tó ń ya fọ́tò bẹ̀ ẹ́ títí, ó sú u. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Kọ́tìnì ló ń rán nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà níwájú ilé, àwọn oníbàárà sì ń ti Gbàgádà wá bá a, nítorí ojú rẹ̀ ló korò, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára. Daddy fúnra wọn ló fún un ní ṣọ́ọ̀bù yẹn lójú gbogbo ẹbí lọ́jọ́ tó wọlé ọkọ.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ó lọ ra ata ní Mile 12. Nígbà tó dé, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ti wà lábẹ́ àtẹ̀gùn pẹ̀lú aṣọ àwọn oníbàárà. Kọ́ládé, ọmọ ẹ̀gbọ́n Daddy tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn kó dé, ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń to ṣájà àti àpò fóònù mọ́ ara ògiri.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ta ló gbé ẹ̀rọ mi síta?"

"Èmi ni. Kọ́ládé fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò. Ìwọ lè máa rán tìẹ nínú yàrá."

"Daddy, ẹ ò tiẹ̀ sọ fún mi. Ẹ̀yin lẹ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù yẹn."

Daddy wo ojú rẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. "Mulligrubs! Ẹ wá wò ó o! Láyé ijọ́hun, ohun tí Òyìnbó ń pe inú burúkú tó kàn ń run ènìyàn láìnídìí nìyẹn!"

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Dorothy, ìyàwó ọmọ wọn àgbà, rẹ́rìn-ín. Kọ́ládé rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mú. Nígbà tí ẹ̀rín fi máa tán, kò sẹ́ni tó rántí ẹ̀rọ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún béèrè. Daddy ní, "Crosspatch!" Ó tún béèrè lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní, "Glumpish!" Afajúro náà ni gbogbo wọn. Ó pe Dàmọ́lá tó wa ọkọ̀ lọ sí Ìlọrin lórí fóònù, ìyẹn ní, "Ṣé o tún fajú ro fún Daddy ni? Jọ̀ọ́, smile díẹ̀ fún wọn, wọ́n á dá ẹ lóhùn."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju ti ṣọ́ọ̀bù lọ. Ojú rẹ̀ ni gbogbo wọn ń dá lóhùn, wọn ò dá ẹnu rẹ̀ lóhùn. Ó jókòó lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó ń bínú. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Níbi tó ti ń bínú ló ti rántí pé kò tíì sọ Kọ́ládé lórúkọ.

Ẹ sáà mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ àbísọ. Ọmọ tí wọ́n bí ní àná, tí ìyàwó wọlé lónìí, ọkọ rẹ̀ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló máa wá orúkọ tó máa fi pè é. Sàfúrátù ti sọ ẹ̀gbọ́n Dàmọ́lá ní Akọ̀wé, ó sọ àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Ìbàdí-Àrán. Kọ́ládé nìkan ló kù, torí Ìbàdàn ló wà nígbà náà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ilé wà ní pálọ̀, àwọn àlejò méjì láti ìjọ Daddy wà níbẹ̀. Sàfúrátù wọlé, ó kúnlẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Dorothy. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi rín.

"Daddy, ẹ ṣe mí jẹ́jẹ́, mo jẹ̀bi. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti Ìbàdàn dé, mi ò tíì fún wọn lórúkọ."

Inú Daddy dùn. "Ẹ ò rí nǹkan! Ìyàwó gidi! Ó yá, sọ ọ́ kí gbogbo wa gbọ́."

"Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Mo wo ilé, mo sì wo iwájú ilé. Ọkọ mi, láti òní lọ, Agbaṣọ́ọ̀bù-Ìyàwó lorúkọ yín."

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò, ìyá arúgbó kan, wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ṣọ́ọ̀bù wo ló gbà?"

Òun lẹni àkọ́kọ́ tó béèrè.

"Èyí tí Daddy fún mi lọ́jọ́ tí mo wọlé ni, Mummy. Ẹ̀rọ mi ti wà lábẹ́ àtẹ̀gùn láti ọjọ́ Ajé."

Daddy wá Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ lọ, wọ́n wá a bọ̀. Àmọ́ ẹ̀rín ló kún ojú ìyàwó yìí, kò sì sí mulligrubs tó jọ bẹ́ẹ̀. "Sàfúrátù, yí orúkọ yẹn padà."

"Ẹ má bínú, Daddy. Orúkọ tí ìyàwó bá sọ ọmọ ilé, ta ló ń yí i padà?"

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí àárọ̀ tí kò ní kúnlẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù, ohùn rẹ̀ á dùn, á lọ sókè: "Agbaṣọ́ọ̀bù-Ìyàwó, ọkọ mi, ẹ káàárọ̀ o! Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Àwọn tó wá ra ṣájà á béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, á sì ṣàlàyé fún wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Dorothy kọ́kọ́ ń bo ẹnu. Nígbà tó yá, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í kí ọkọ wọn bẹ́ẹ̀, nítorí Daddy ti fi irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ gba firísà tirẹ̀ náà fún ẹlòmíràn rí. Kò pẹ́, àwọn ọmọ àdúgbò ti ń fi orúkọ náà ṣeré.

Kọ́ládé fajú ro títí, ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti Sàfúrátù, àmọ́ Daddy ò rí Gẹ̀ẹ́sì kankan sọ sí i. Nígbà tó sú u, ó kó ọjà rẹ̀ lọ sábẹ́ agboòrùn ńlá kan ní Kétu.

Daddy pe Sàfúrátù, wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì. "Gba ṣọ́ọ̀bù rẹ. Ṣùgbọ́n má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Ẹ ṣé, Daddy. Mo gba kọ́kọ́rọ́. Ní ti orúkọ yẹn, ó ti jáde nílé lọ sẹ́nu àwọn ọmọ àdúgbò."

Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó sọ ẹ̀rín kalẹ̀ bí ẹni sọ ẹrù, ojú rẹ̀ sì le padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

"Háà! Kí ló tún dé? Kí lo tún ń bínú sí?"

"Mi ò bínú, Daddy. Ojú mi nìyí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń bí mi nínú, ẹnu mi ni kẹ́ ẹ máa bi."

Ó sì jáde lọ gbé ẹ̀rọ rẹ̀.