Ebè Tó Ń Dúró de Mojírádé

Ọwọ́ Gbémisọ́lá ṣì wà nínú ilẹ̀ tútù nígbà tí fóònù dún ní etí ìró rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fẹ́ jẹ́ kó dún tán, nítorí ó fẹ́ parí àwọn ebè tó kù kí ìyá rẹ̀ tó ti ìpàdé ẹgbẹ́ obìnrin dé. Ìgbà tó wo ojú fóònù, orúkọ Táyọ̀ ló rí, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Kánádà.

"Gbémi," ni Táyọ̀ wí. "Mojí ti fi wá sílẹ̀."

Ibi iṣẹ́ ni Mojírádé ti ṣubú. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ti bọ́. Táyọ̀ ní òun ti pe Alàgbà Adéṣínà ní ìjọ Màmá. Alàgbà náà àti àwọn àgbà kan yóò wá túfọ̀ fún Màmá ní ìrọ̀lẹ́.

"Jọ̀ọ́, má sọ ọ́ fún Màmá kí àwọn àgbà tó dé. Má jẹ́ kí wọ́n dá gbọ́ ọ."

"Mo gbọ́, Bọ̀dá Táyọ̀."

Kì í ṣe ẹkún ló kọ́kọ́ wá. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn, tí kò ní lè sọ fún ẹnikẹ́ni láéláé, ni pé: ó tún ti gba iwájú mi. Wọ́n ní ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè. Mojírádé tó ti sunwọ̀n láàyè ńkọ́? Ta ni yóò lè bá irú ère bẹ́ẹ̀ du ìyá?

Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbin àgbàdo rẹ̀ lọ. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ nǹkan mìíràn tí ì bá ṣe.

Ọgbà ẹ̀yìnkùlé yìí ti di ìjà inú fún un láti ìgbà tí Mojírádé ti ní ilé tirẹ̀ lọ́hùn-ún. Ní ìlú tí Mojírádé ń gbé, ìrì dídì máa ń bọ́ sórí ewé títí oṣù karùn-ún yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Òru kan ṣoṣo ti tó. Ohun tí èèyàn gbìn yóò dúdú bí ẹni pé iná jó o. Nítorí náà, ojú fèrèsé ló ti máa ń tọ́ ata àti ẹ̀fọ́ rẹ̀ nínú ike. Yóò dúró kí òtútù kásẹ̀ nílẹ̀, yóò sì ṣírò ìgbà tí ìrì dídì yóò tún padà ní oṣù kẹsàn-án, kí ohun tó gbìn lè so kó tó dé.

Ìyẹn kò burú. Ìlú onílùú ni. Èyí tó burú ni pé Màmá ní àwọn náà yóò máa dúró. Òjò àkọ́rọ̀ yóò rọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, gbogbo àdúgbò yóò gbin àgbàdo, Màmá yóò ní, "Ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ò tíì gbóná." Ó di ọjọ́ tí Mojírádé bá gbìn kí Gbémisọ́lá, tó ń kọ ebè, tó ń fa koríko, tó sì ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, tó lè gbin tiwọn. Ọ̀dá oṣù kẹjọ a sì bá àgbàdo náà níbi tó ti ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀.

Àrìnpé, aládùúgbò wọn, kò jẹ́ kó gbádùn. Lọ́dún tó kọjá, ó yọjú lórí ògiri, ó ń jẹ àgbàdo sísè. "Tíṣà, tiwa ti tó jẹ o. Ṣé tiyín ń dúró de físà ni?"

Gbémisọ́lá bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìyẹn, Màmá gbé fóònù Gbémisọ́lá fúnra rẹ̀ kiri inú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń fi àwòrán tòmátì mẹ́ta tí Mojírádé ká han ìyá ìjọ. Tòmátì mẹ́ta péré. Ta ló fi apẹ̀rẹ̀ ata tòun han ẹnikẹ́ni rí?

Ìdí nìyí tó fi pinnu pé lọ́dún yìí, òjò tó bá rọ̀ lé òun lórí lòun yóò tẹ̀ lé.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí Màmá gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọ ẹ̀yìnkùlé. Ó wo àwọn ebè, ó wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀.

"Ta ló ní kó o gbìn ín?"

"Òjò ti rọ̀, Màmá."

"Ṣé òjò ni mo bi ọ́? Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ ti gbìn?"

"Rárá, Màmá."

"Owú ló ń pa ọ́. Láti kékeré ni. Aṣọ Kérésì tí mo rán fún un, ìwọ lo fi nu ilẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀, ó gbóná bí ẹyin iná. Gbólóhùn kan ni: ẹni tí ẹ ń dúró dè ti kú. Ó rí bí yóò ṣe jáde, ó rí bí ojú ìyá rẹ̀ yóò ṣe yí, ẹ̀rù ara rẹ̀ sì bà á, nítorí pé apá kan nínú rẹ̀ ń fẹ́ kó jáde. Ó gbé e mì.

"Gbé fóònù wá," ni Màmá wí. "Jẹ́ kí n fi ẹjọ́ rẹ sùn ún."

"Iná ti tán nínú rẹ̀, Màmá."

Màmá wò ó. Ó fa àpótí ìdáná mọ́ra, ó jókòó. "O rò pé mi ò mọ̀ pé òjò ti rọ̀? Mo ti ń gbin àgbàdo kí n tó bí ọ." Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ó ti pẹ́ tí mo ti fojú kan ọmọ mi. Bí a bá jọ gbìn, tí tèmi bá yọ, mo mọ̀ pé tirẹ̀ náà ń yọ. Bí mo bá ń fa koríko, mo mọ̀ pé òun náà bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ibi tí mo ti ń rí i nìyẹn."

"Èmi ńkọ́?" Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

Màmá ṣe bí ẹni tí wọ́n bi léèrè ibi tí oòrùn ti ń yọ. "Ùwọ? Kí ni mo fẹ́ gbìn kí n tó rí ùwọ? Bí o bá húkọ́ lóru, èmi ni mò ń jí. Òórùn sítóòfù rẹ ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́."

Ó dìde, ó gbọn eruku nù lára ìró rẹ̀, ó wọlé lọ pààrọ̀ aṣọ.

Gbémisọ́lá dúró níbẹ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, obìnrin tí ìyá rẹ̀ ń fi àgbàdo wá kiri ni òun ń jowú.

Ó lọ sí ìdí ebè tó gbẹ̀yìn, ó kúnlẹ̀. Ó ń fi ìka hú hóró àgbàdo jáde, ihò kan tẹ̀ lé òmíràn, ó ń kó o sí itan. Ilẹ̀ kò tíì gbóná lọ́hùn-ún. Omi ojú rẹ̀ wá wàyí, ó ń kán sínú ihò, kò sì nù ún.

Ó gbọ́ tí ọkọ̀ dúró níwájú ilé, ó gbọ́ ohùn Alàgbà Adéṣínà tó ń kí ará ilé. Lẹ́yìn náà, ohùn ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e láti inú pálọ̀: "Ẹ káàbọ̀ o. Kí ló dé tí ẹ fi pọ̀ báyìí?"

Ihò méjì ló kù. Ó yọ àgbàdo inú wọn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ojú ilẹ̀ náà, kó máa dúró de oṣù karùn-ún. Ó dìde, ó lọ bá ìyá rẹ̀.