Ife Ẹyọ Kan

Omi gbígbóná ni ìyá dà láti inú fúláàsì rẹ̀ sínú ife tí wọn kò tíì rà. Ó gbé e sẹ́nu láàárín ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta kẹ̀kẹ́ àti ohun èlò ìpàgọ́, ó sì figbe ta.

“Yéè! Ètè mi o! Ife yìí fẹ́ bó mi lẹ́nu!”

Àwọn tó ń yẹ táyà kẹ̀kẹ́ wò lẹ́bàá ilẹ̀kùn bojú wẹ̀yìn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin sáré gba ife náà, ó ń fi bàtà nu omi tó dà sílẹ̀.

“Màámi, ẹ rọra. Wọn kì í dán an wò báyẹn.”

“Ojú ni kí n máa fi wò ó? Ṣé ojú la máa fi mu tíì níbi tí à ń lọ?”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọmọ náà láìrò tẹ́lẹ̀. Ó pẹ́ tó ti gbọ́ kí ìyá rẹ̀ ṣàwàdà. Láti ìgbà tí bàbá ti kú, orí àga ìdí fèrèsé ni ìyá ń jókòó sí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n alágbàfọ̀ ni nígbà tí eegun rẹ̀ le, kẹ̀kẹ́ ló sì fi ń kó aṣọ tó ti fọ̀ kiri ilé àwọn oníbàárà. Nígbà tí ọmọ ní kí àwọn méjèèjì gun kẹ̀kẹ́ lọ sí etí odò, kí wọ́n pàgọ́, kí wọ́n sì sun ibẹ̀ mọ́jú, ojú ìyá tàn bí ìgbà tí wọ́n tanná sí yàrá.

Ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ báyìí níwájú pẹpẹ, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó ti ki ìsàlẹ̀ ṣòkòtò bàbá olóògbé tó wọ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀ nítorí ṣéènì kẹ̀kẹ́. Ó gbé ìkòkò kékeré tí ọwọ́ rẹ̀ ń ká sáàárín itan, ó ti sítóòfù tí kò ju ìkúùkù lọ bọ inú rẹ̀, ó wá ń wá ife tí yóò tẹ̀ lé e. Ife onírin fẹ́lẹ́ wọlé wẹ́rẹ́, àmọ́ òun ló jó o lẹ́nu yẹn. Èyí tí wọ́n fi irin ìlọ́po méjì ṣe kì í jóni, ṣùgbọ́n ó sanra bí ọmọ olówó, kò wọlé. Ó gbóòórùn èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, tó ń ká pẹlẹbẹ, ó ní ó ń rùn bíi bàtà tuntun. Ìró irin ń lọ gbàn-gbàn káàkiri ṣọ́ọ̀bù.

“Ife méjì gbọ́dọ̀ wọnú ìkòkò yìí,” ló ń wí. “Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnì kan á máa mu, ẹnì kejì á máa wò ó lẹ́nu.”

Àfi bí ọ̀gá ọmọ náà níbi iṣẹ́ ṣe yọ láti ẹ̀yìn pẹpẹ kejì, òun àti ìyàwó rẹ̀. Aṣọ agunkẹ̀kẹ́ lẹ̀ mọ́ wọn lára, kò ní àbàwọ́n kan. Ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń yàwòrán ilé, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ìdọ̀tí aṣọ ẹlòmíràn ni wọ́n fi tọ́ ọmọ yìí. Kò purọ́ fún wọn, kò kàn sọ ni.

“Ìwọ rèé! Ta lẹ jọ wá?” ọ̀gá bi í. Ojú rẹ̀ wà lára ìyá tó jókòó sílẹ̀.

Ẹnu ọmọ náà yá ju ọkàn rẹ̀ lọ. “Màmá kan ládùúgbò wa ni, sà. Mo kàn ń bá wọn wo nǹkan tí wọ́n fẹ́ rà.”

Ìró irin dákẹ́.

Ìyá dìde, ó gbọn ìdí ṣòkòtò. Ó kí tọkọtaya náà dáadáa, lẹ́yìn náà ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. “Ẹ ṣeun gan-an, àǹtí. Mo ti dà yín láàmú jù. Ẹ jẹ́ kí n mú ife ẹyọ kan, ìyẹn tó mi.”

Ó mú èyí tó fẹ́lẹ́.

Àǹtí. Yín. Obìnrin tó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, tó fẹnu fa ikun imú rẹ̀, ló ń kí i bí àlejò. Ó yẹ kí ọmọ náà sọ òtítọ́ nígbà náà. Kí ó tó rí ọ̀rọ̀ kó jọ, ìyàwó ọ̀gá ti bi ìyá léèrè ibi tí òun àti aládùúgbò rẹ̀ ń lọ, ó sì gbọ́ pé etí odò kan náà ni gbogbo wọn ń lọ, ó ní kí wọ́n jọ máa lọ.

Lójú ọ̀nà, ẹ̀yìn ni ìyá wà, bí ẹni tí wọ́n ṣàánú mú dání. Bí ọmọ bá dẹ ẹsẹ̀ kí ó lè bá a sọ̀rọ̀, òun náà á dẹ ẹsẹ̀.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí wọ́n pàgọ́ tán. Ìyá tan sítóòfù, ó gbé omi kaná, ó ń sọ ìtàn ewúrẹ́ kan tó jẹ aṣọ oníbàárà lórí okùn. Ìyàwó ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí tíì ṣe tán, tọkọtaya náà yọ ife tiwọn.

“Ife tìẹ ńkọ́?” ọ̀gá bi ọmọ náà.

“Òùngbẹ ò gbẹ mí, sà.”

Ìyá da tíì sínú ife kan ṣoṣo tó ní, ó fẹnu fẹ́ ẹ títí, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ẹnu ife, ó nà án sí i. “Ẹ gbà, àǹtí. Ẹ rọra o, ó máa ń jóni lẹ́nu.”

Ọmọ náà gbà á. Kò gbé e sẹ́nu.

“Màmá, ọmọ mélòó lẹ bí?” ìyàwó ọ̀gá bèèrè. “Àwọn ọmọ yín á máa gbádùn yín o.”

“Ọ̀kan ni. Ọmọ dáadáa ni.” Ìyá ń wo iná. “Ọwọ́ rẹ̀ ló dí lónìí.”

“Èmi ni.” Ohùn ọmọ náà kò ròkè, ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbọ́. “Màámi ni wọ́n. Irọ́ ni mo pa ní ṣọ́ọ̀bù.”

Ọ̀gá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ìyàwó rẹ̀ gbá a lẹ́sẹ̀. Ìyá gbé ìkòkò, ó ní òun fẹ́ lọ fọ̀ ọ́, ó gba ọ̀nà odò lọ.

Ọmọ náà tẹ̀ lé e, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. “Màámi, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Gbogbo bí ẹ ṣe ń pè mí ní àǹtí yẹn, ìyà tó tọ́ sí mi ni.”

Ìyá yíjú padà, ẹnu yà á. “Ìyà? Ta ló ń fìyà jẹ ọ́? Mo rí ojú ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, mo rí i pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Mo ní bóyá ibi iṣẹ́ ẹ le ni. Mo ní kí n má lọ bà á jẹ́ fún ẹ.”

Láti ọ̀sán ni ọmọ náà ti gbà pé pàṣán ni ìyá rẹ̀ ń nà án, ó sì ti tẹ́ ẹ̀yìn sílẹ̀ fún un. Kò mọ̀ pé ńṣe ni ìyá ń bo àṣírí òun, bó ṣe ń bò ó láti kékeré, láìbéèrè ohun tó ṣe. Ìyà, ì bá jẹ ẹ́ tán. Inúure yìí kò ní títán.

Ó na ọwọ́ gba ìkòkò, ìyá sì jọ̀wọ́ rẹ̀ fún un. Omi odò tutù. Ó ń fọ̀ ọ́, ó ń fọ̀ ọ́. Ìkòkò ti mọ́ tipẹ́, ọmọ náà kò tíì lè gbé ojú sókè wo ìyá rẹ̀.