Mẹ́ta ni Gbogbo Ìdáhùn Rẹ̀

“Ṣé ẹ̀ ń rí ara yín bí ọ̀kan lára àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ní kíláàsì? Oókan ni ‘rárá o’, márùn-ún ni ‘gan-an ni’. Mélòó lẹ fún un?”

“Mẹ́ta,” ni Ulamila wí lórí fóònù.

Mẹ́ta yìí náà ló fi dáhùn gbogbo ìbéèrè tó ṣáájú. Ó ti rẹ Losalini. Láti àárọ̀ ló ti ń pe àwọn tó ń ka ìwé yunifásítì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti erékùṣù wọn. Etí rẹ̀ ti gbóná, òjò ìlú Suva tó ti ń ṣiṣẹ́ ò sì dá. Shalendra ọ̀gá rẹ̀ ti kìlọ̀ pé ìbéèrè nìkan ni kó kà, kó má bá ẹnikẹ́ni tàkúrọ̀sọ. Ṣùgbọ́n Losalini mọ àwọn èèyàn rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ dójú ti àlejò ló ń sọ pé mẹ́ta. Mẹ́ta yẹn ti sú u.

“Ará ibo gan-an ni yín, màdáámù?”

“Naivoce.”

Losalini nà ró lórí àga. Tauvu ni abúlé wọn méjèèjì: baba ńlá kan náà ló bí wọn, èébú sì ni ìkíni wọn.

“Abájọ! Olè iṣu ni mò ń bá sọ̀rọ̀ látẹ̀ẹ̀kan!”

Ulamila bú sẹ́rìn-ín. “Má sọ fún mi pé ará Delaisavu ni ẹ́! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sá fún omi bí ológbò! Ta ló gbà ẹ́ síṣẹ́ ọ́fíìsì?”

“Ẹni tó mọyì èèyàn ni. Ó yá, olè, sọ òótọ́. Mélòó?”

Ẹ̀rín náà tán. “Oókan. Láti oṣù kejì, kò sẹ́ni tó pe orúkọ mi rí. Bí mo bá kọ nǹkan, kò sẹ́ni tó ń fèsì. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo fẹ́ yọ orúkọ mi kúrò nílé-ìwé. Má bínú.”

Àánú rẹ̀ ṣe Losalini gidigidi. Ó pa mẹ́ta rẹ́, ó kọ oókan. Inú máa bí Shalendra; kó bí i.

“Ìbéèrè tó kẹ́yìn nìyí. Ṣé ẹnì kan wà nílé-ìwé tó o lè pè bí nǹkan bá le?”

“Kò sí.”

Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, “Wá gba nọ́ńbà mi. Tèmi gan-an, kì í ṣe ti ọ́fíìsì.”

“Kí n fi ṣe kí ni?”

“Lọ́jọ́ Ẹtì, kó o tó yọ orúkọ kankan, kọ́kọ́ pè mí, kí n bú ẹ tẹ́rùn.”

Losalini kàn ń gbọ́ tí Ulamila ń pariwo mọ́ àwọn ará ilé rẹ̀ ni: “Ẹ bá mi wá bírò o! Kíá!”