Ẹni Tí Ó Mu Kẹ́yìn

Ìyàwó Bàbá Ìjọ ni Tòún, òun ló sì ń tọ́jú pẹpẹ ìjọ wọn ní Ifọ̀. Bí Àlùfáà Ọláwùnmí bá máa wọ rélùwéè wá láti Abẹ́òkúta wá ṣe Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, òun ni yóò gé búrẹ́dì wẹ́wẹ́, tí yóò bu wáìnì sínú ìgò kékeré. Bí ìsìn bá parí, òun náà ni yóò fọ aṣọ funfun tí àlùfáà fi ń nu ẹnu ife bó ṣe ń gbé e fún ẹnì kan tẹ̀ lé ẹnì kejì.

Lẹ́yìn Àjíǹde ọdún 1954, ó ri aṣọ náà sómi, omi pọ́n. Ó pè é ní wáìnì. Ṣùgbọ́n wáìnì kì í dì mọ́ aṣọ. Ó fi èékánná ha á: ẹ̀jẹ̀ ni.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ó tún rí i. Láti ìgbà náà, kì í dijú mọ́ bí wọ́n bá ń gbàdúrà. Ta ló ń wúkọ́? Ta ló ń rù?

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ló bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó bá Adéyanjú ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń fi ẹsẹ̀ wa yẹ̀pẹ̀ bo nǹkan tó tutọ́ sílẹ̀.

"Bàbá Ọmọ́níkẹ́, kí lẹ bò mọ́lẹ̀ yẹn?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Ikọ́ ife ni, àbí?"

Adéyanjú wẹ̀yìn wò. "Tòún, bò mí láṣìírí. Bí mi ò bá lọ síbi pẹpẹ, wọ́n á ní mo ti fẹ́ ìyàwó kejì ní kọ̀rọ̀, pé ìyẹn ni wọ́n ṣe lé mi nídìí ife."

"Kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ sàn ju kí wọ́n máa kú lọ."

Kò gbọ́. Lọ́jọ́ ìsìn, ó wọ agbádá rẹ̀. Ni Tòún bá sáré tọ àlùfáà lọ, ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀.

Àlùfáà arúgbó náà gbé e dìde. "Àìsàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Mi ò lè lé e. Sọ fún un kó wá kẹ́yìn."

Adéyanjú kúnlẹ̀ kẹ́yìn. Ó mu, ó sì wúkọ́ sínú ife. Ìgbà náà ni Tòún rántí pé wọn kì í da èyí tó bá ṣẹ́kù nù. Àlùfáà ló gbọ́dọ̀ mu ún tán. Tòún fẹ́ dìde. Àlùfáà mi orí fún un, ó bomi díẹ̀ sínú ife, ó yí i po, ó gbé e sẹ́nu. Ó mu ún gbẹ.

Ìgbà òjò àrọ̀kúrò ni wọ́n sin Adéyanjú. Àlùfáà Ọláwùnmí ló wá sin ín. Níbi tó ti ń ka ìwé lẹ́bàá sàréè, ikọ́ gbá a mú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó lè nàró. Ó ní kí wọ́n má bínú, eruku ló kó sí òun lọ́fun.

Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀. Tòún di ọwọ́ Ọmọ́níkẹ́, ọmọ rẹ̀, mú, ó sì fà á sẹ́yìn.