Kọ́tìnì Ẹnu Ọ̀nà Búkà

Bọ́lá, mo lá àlá kan lóru àná. Àwọn ará tẹlifíṣọ̀n tó máa ń tún búkà ṣe wá sí búkà ìyá mi tí kò tà mọ́. Wọ́n yọ kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi gíláàsì dí i. Àwọn oníbàárà dé, wọn ò wọlé.

Bàbá télọ̀, ọ̀kan nínú wọn, ní, "Ṣé kí gbogbo àdúgbò wá máa ka òkèlè mi ni?"

Ìyá mi rọra sọ fún mi pé, "Bí wọn ò bá wọlé lónìí, n ó pa búkà tì."

Èmi tójú máa ń tì yìí, mo na kọ́tìnì náà sókè níwájú gíláàsì lójú gbogbo wọn. Wọ́n bá ń gba inú gíláàsì wọlé.

Apá ń ro mí nígbà tí mo jí. Mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, àmọ́ mo ti fọ kọ́tìnì wa láàárọ̀ yìí, mo sì ti tún fi í kọ́ sẹ́nu ọ̀nà.