Kókó Ọwọ́ Òsì

Súkúrù kẹta kò fẹ́ tú. Mísbáù tẹ sukudiráfà mọ́ ọn, ó tún yí i, títí ó fi gbà. Ó yọ irin ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà náà, ó gbé e ti ògiri. Ó wo inú rẹ̀.

"Bàbá Àsmá'ù, kí lẹ rí?"

Bushrah jókòó lórí àpótí níwájú tábìlì, ó gbé báàgì rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Mísbáù fa iná orí tábìlì sún mọ́ ọn.

"Ẹ dá mi lóhùn o. Láti Madina ni mo ti gbé nǹkan yìí wọ ọkọ̀ trotro. Méètì tó ń gba owó ọkọ̀ ní kí n san owó èèyàn méjì, pé kọ̀ǹpútà náà jókòó sórí àga."

"Fún mi ní ìṣẹ́jú kan."

Ilé eré kọ̀ǹpútà ni Bushrah ní, lẹ́yìn ọjà Madina. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń wá síbẹ̀ láti wá gbá géèmù. Kọ̀ǹpútà kékeré mẹ́rin ló ní, àti ńlá kan, èyí tó wà lórí tábìlì yìí. Ńlá yìí ló ń mú wọn wá. Bí ilé-iṣẹ́ ti tò ó pọ̀ tán nínú páálí ni Bushrah ṣe rà á. Ìlú òtútù ni wọ́n ti tò ó, ooru Accra kò bá a lára mu. Kúlà tó bá a wá, ìyẹn irin onífáànù tó ń gbé ooru kúrò lórí ọpọlọ kọ̀ǹpútà, kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ. Bí eré bá ti wọra, ooru rẹ̀ á dé ìwọ̀n ọgọ́rùn-ún, á sì kú pátá.

Oṣù méje sẹ́yìn, Mísbáù yọ kúlà kékeré yẹn, ó jù ú sínú páálí abẹ́ tábìlì. Ó fi kúlà ńlá sí i: irin dúdú onípele tín-ín-rín, ọ̀pá bàbà mẹ́fà, fáànù méjì. Láti ọjọ́ náà, ooru rẹ̀ kò kọjá márùndínláàádọ́rin.

Kékeré yẹn ló ń wò nísinsìnyí. Ó ti padà sí àyè rẹ̀, bí ẹni tí kò kúrò níbẹ̀ rí.

"Sátidé ni ìdíje," Bushrah ń sọ. "Èèyàn méjìlélọ́gbọ̀n ti forúkọ sílẹ̀. Sátidé tó kọjá, ó kú lẹ́ẹ̀mejì lójú wọn. Ọmọkùnrin kan bú mi mọ́ ìran Yorùbá mi, ó ní, 'Alata yìí, ṣé ìrẹsì lò ń fi nǹkan yìí sè ni?' Ei! Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín paa. Ilé eré mìíràn ti wà ní òdìkejì títì. Tó bá tún kú lọ́jọ́ Sátidé, kí n kúkú tilẹ̀kùn."

"Ta ló ṣí i lẹ́yìn mi?"

"Ẹ̀yin náà ni. Lẹ́yìn ọyẹ́, ṣọ́ọ̀bù yín pe gbogbo oníbàárà pé ká gbé tiwa wá kí ẹ fẹ́ eruku kúrò. Mo gbé e wá. Ẹ kò sí níbí, wọ́n ní ẹ lọ síbi òkú ní Kumasi. Mutala ló gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ kejì ni mo wá gbé e."

"Mutala."

"Mutala."

Mísbáù gbé sukudiráfà sílẹ̀. "Fi í sílẹ̀. Padà wá lọ́la, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀."

"Ṣé yóò ṣeé ṣe?"

"Yóò ṣeé ṣe."

Bushrah dìde. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Àwọn èèyàn ní kí n gbé e lọ bá àwọn tó ń ṣe é ní Circle. Mo ní rárá, pé ará ilé mi wà ní Lagos Town. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá Àsmá'ù." Ó jáde.

Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni Mísbáù àti Mutala ń lò ní Lagos Town, àdúgbò Accra tí Yorùbá pọ̀ sí. Mutala ń ta wáyà àti ṣájà níwájú. Mísbáù àti àbúrò rẹ̀, Suhaib, ń ṣe kọ̀ǹpútà nínú. Ọmọ Hausa ni Mutala, ṣùgbọ́n agbo ilé kan náà ni wọ́n ti dàgbà, Yorùbá rẹ̀ sì dán ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá àdúgbò náà lọ.

Mísbáù bá a níbi tó ti ń to ṣájà sórí pákó.

"Mutala, níbo ni kúlà Bushrah wà?"

"Kúlà wo? Èyí tí wọ́n ń kó ike sóbólò mímu sí kó lè tutù?"

"Má bá mi ṣeré. Èyí tí mo fi sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìwọ lo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí mo lọ Kumasi."

Mutala to ṣájà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Ó nu ọwọ́.

"Mo gbà á. Mo gbé e wọlé. Mo padà síta. Ṣé olè lò ń pè mí?"

"Mo bi ọ́ léèrè ni."

"Ọgbọ̀n ọdún tí a ti jọ ń jẹun nínú abọ́ kan, ìbéèrè tí o rí bi mí nìyẹn." Ó mi orí. "Ó dáa. Wáyà inú rẹ̀, kí ni wọ́n fi so ó?"

"Òwú."

"Òwú bàbá rẹ. Wò mí. Èmi tí n kò lè so okùn bàtà, tó jẹ́ sálúbàtà ni mo wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó ara mi. Ṣé èmi ni mo ta kókó bàbá rẹ? Padà lọ wò ó dáadáa, kí o tó wá bú mi níwájú oníbàárà."

Obìnrin kan ń yẹ ṣájà wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò gbé ojú sókè. Mísbáù padà wọlé.

Aránfìlà ni bàbá Mísbáù àti Suhaib. Òwú funfun tó fi ń ṣiṣẹ́ sí fìlà, ó ní bó ṣe ń ta kókó rẹ̀ níparí: yóò yí i lẹ́ẹ̀mẹta, yóò gba abẹ́ kọjá, yóò fà á lẹ́ẹ̀kan. Fìlà á gbó, kókó náà kò ní tú. Ọmọ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló kọ́. Nígbà tí Mísbáù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kò lo ọ̀rá tí àwọn tó kù fi ń so wáyà. Òwú fìlà ló ń lò. Ẹnikẹ́ni ní Lagos Town tó bá ṣí kọ̀ǹpútà, tó rí òwú funfun níbẹ̀, mọ ẹni tó ṣe é.

Mísbáù bẹ̀rẹ̀ wo inú kọ̀ǹpútà náà. Kókó mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ rí wọn, ó rò pé tirẹ̀ ni. Ó gbé iná wọ inú rẹ̀, ó sì fi èékánná tẹ̀lé òwú náà. Ti Mísbáù máa ń yí sí ọ̀tún. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí yí sí òsì.

Ó pa iná orí tábìlì. Ó jókòó.

Nígbà tí Suhaib wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, ọwọ́ òsì ló fi ń jẹun. Bàbá wọn fi òwú fìlà so ọwọ́ náà mọ́ ìbàdí rẹ̀. Ó ní ọmọ tó bá fi òsì na nǹkan sí àgbà ní Accra, ìyá rẹ̀ ni wọn yóò bú. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Mísbáù nígbà náà. Bí Bàbá bá ti jáde, á tú ọwọ́ àbúrò rẹ̀. Bó bá gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ lójú ọ̀nà, á tún un so, bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Odindi ọdún kan ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá kò mọ̀ títí ó fi kú. Suhaib kọ́ láti fi ọ̀tún jẹun, ó fi ọ̀tún kọ̀wé, ó fi ọ̀tún kí èèyàn. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ ta kókó, òsì ló ń ṣíwájú. Ẹni méjì ló mọ̀ bẹ́ẹ̀ láyé.

Suhaib wọlé lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́. Ó gbé waakye, ìrẹsì oní-ẹ̀wà, ìdì méjì lọ́wọ́, nínú ewé.

"Bọ̀dá, mo ní kí wọ́n fi ẹyin sí tiyín. Obìnrin tó tà á ní ẹyin ti wọ́n. Mo ní ṣé adìẹ rẹ̀ ń lo dọ́là ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó rí kọ̀ǹpútà tó ṣí sílẹ̀. Ẹ̀rín náà dúró.

"Gbé e kalẹ̀," Mísbáù wí. Ó na wáyà méjì àti ègé òwú sí i. "Bá mi so èyí."

"Ẹ jẹ́ ká jẹun ná."

"So ó."

Suhaib so ó. Ìka rẹ̀ yára. Ó yí i lẹ́ẹ̀mẹta, ó gba abẹ́ kọjá, ó fà á. Mísbáù gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ó tan iná.

"Ta ló ta ti inú kọ̀ǹpútà yìí?"

"Ẹ̀yin ni."

"Tún un wò."

Suhaib wò ó. Ojú rẹ̀ pẹ́ níbẹ̀. Ẹnì kan ń ná wáyà lọ́wọ́ Mutala níwájú.

"Bọ̀dá, ẹ má bínú."

"Mélòó ni o ti yọ?"

"Mẹ́rin."

"Kí ló dé tí o fi mú ti Bushrah mọ́ ọn?"

"Irin ni ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, kì í ṣe gíláàsì. Wọn kò lè rí inú rẹ̀." Ó wolẹ̀. "Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, irin ni."

"Níbo ni o kó wọn sí?"

"Madina. Mo ti gba ṣọ́ọ̀bù kan. Mo ń to kọ̀ǹpútà tí mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀."

"Kí lo kọ sára pátákó rẹ̀?"

Suhaib fi ìka ta eruku orí tábìlì.

"Àrówólò."

Orúkọ bàbá wọn, tó wà lókè ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yìí, ni.

"Bàbá tèmi náà ni," Suhaib wí. Ohùn rẹ̀ gòkè. "Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń fẹ́ eruku níbí. Ẹ ní kí n ṣe sùúrù, tí mo bá gbéyàwó, ẹ ó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ Tàíbátù. Ẹ ní tí a bá bímọ. A bí mẹ́ta. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ti ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ń pè mí ní 'àbúrò Alhaji Mísbáù' títí di òní."

"Òótọ́ ni."

Suhaib kò retí ìyẹn. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Òótọ́ ni o sọ," Mísbáù wí. "O kò wá bá mi jà."

"Ta ló lè bá yín jà?"

"O lè jà mí lólè ṣùgbọ́n o kò lè bá mi jà." Ó mú ègé òwú náà, ó ká a. "Mutala ni mo kọ́kọ́ bi. Níwájú èèyàn. O mọ̀ pé òun ni màá bi."

Suhaib yí ojú síta, síbi tí Mutala wà.

"Gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá lọ́la. Fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé wọn lórí."

"Ṣé ẹ lé mi ni?"

"O ti lọ tipẹ́."

"Bọ̀dá, ẹ rántí Bàbá."

"Bàbá ló so ọwọ́ rẹ," Mísbáù wí. "Èmi ni mo tú u."

Suhaib jáde. Waakye méjì náà tutù lórí tábìlì.

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀, Mutala gbé àpò rọ́bà kan wọlé. Kúlà mẹ́rin wà nínú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lókè.

"Ẹnu ọ̀nà ni Suhaib gbé e sí. Mo kí i, kò dáhùn."

"Mutala. Ọ̀rọ̀ àná..."

"Àná ti lọ."

"Mo ṣẹ̀ ọ́."

"O ṣẹ̀ mí. Ẹ̀kọ kẹ́ńkẹ́ méjì àti ẹja ni ìtánràn rẹ̀. Ẹja tó bá ara mu o, kì í ṣe orí ẹja." Ó padà síbi pákó rẹ̀.

Bushrah dé lẹ́yìn ìrun. Mísbáù ní kó sún mọ́ tábìlì kó máa wò. Ó yọ kúlà kékeré. Ó fi òwú rírọ̀ tó rì bọ sípíríìtì nu pésìtì, ọ̀dà tó ń gbé ooru lọ sínú kúlà, tó ti gbẹ lórí ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ó kán tuntun sí i, bí ẹyọ ẹ̀wà kan. Ó gbé kúlà ńlá lé e, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì dè é ní igun sí igun, díẹ̀díẹ̀, kó má baà fì sápá kan. Ó tú kókó méjì tó wà níwájú, ó ta tirẹ̀ síbẹ̀. Ó tan kọ̀ǹpútà. Bushrah ṣí eré tó wúwo jù lọ. Wọ́n wò ó fún wákàtí kan.

Ooru rẹ̀ dé méjìlélọ́gọ́ta. Kò kúrò níbẹ̀.

"Alhamdulillahi," Bushrah wí. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ta ló ṣe é, Bàbá Àsmá'ù? Ṣé Mutala ni?"

"Kì í ṣe Mutala. Bá mi sọ ọ́ fún ẹni tó bá bi ọ́. Kì í ṣe Mutala."

"Ta wá ni?"

"Ọmọ bàbá mi."

"Bọ̀dá Suhaib? Òun ló bá mi gbé e dé ìdí táksí lọ́jọ́ yẹn. Ó tún ní kí n kí àwọn ọmọ."

"Mo gbọ́."

"Kí lẹ ó wá ṣe?"

"Ilé mẹ́ta ló kù tí màá lọ. Màá bá wọn dá tiwọn padà, màá sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn."

"Wọ́n lè má gbé iṣẹ́ wá fún yín mọ́."

"Wọ́n lè má gbé e wá."

Mísbáù mú sísọ́ọ̀sì, ó wá kókó kẹta. Ìsàlẹ̀ ló wà, lẹ́yìn, níbi tí wáyà iná ti wọlé. Ó ti ẹnu sísọ́ọ̀sì bọ abẹ́ òwú náà. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó gbé irin ẹ̀gbẹ́ padà sí àyè rẹ̀, ó sì de súkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Kókó mẹ́ta ló wà nínú kọ̀ǹpútà náà nígbà tí Bushrah gbé e lọ. Méjì yí sí ọ̀tún. Ọ̀kan yí sí òsì, ó sì dì dáadáa.